Aṣọ Pupa Ẹnu Fèrè

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, mo kí yín. Wọ́n ní kí n sọ bí iṣẹ́ tèmi ṣe rí, kí ẹni tó bá fẹ́ yàn án lè mọ ohun tó ń yàn. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá wọ́ níbì kan, ẹ bá mi nà án tọ́. Múfútáù Àlàdé ni orúkọ mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí, Agége ni mo dàgbà sí, ọdún méjìdínlógójì ni mo sì fi tún bàálù ṣe ní Ìkejà. Kì í ṣe àwọn bàálù ńlá tó ń gbé èèyàn lọ sí Mẹ́kà o. Àwọn kéékèèké ni, tí abẹ̀bẹ̀ ń yí níwájú wọn, tí wọn kì í gbà ju èèyàn mẹ́rin tàbí mẹ́fà lọ, tí wọ́n ń gbé oògùn àti dókítà lọ sí ibi tí mọ́tò kì í tètè dé.

Ìyàwó mi, Sídíkátù, ìyá Àwáwù, ti lọ. Ó pé oṣù mẹ́jọ. Bí mo bá ń dárúkọ rẹ̀ jù, ẹ má bínú. Mo gbìyànjú láti sọ ìtàn yìí láìfi tirẹ̀ kún un, kò ṣeé ṣe.

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gùn. Bọ́ọ̀dà Ràsákì tó ń ṣọ́ géètì ní pápá bàálù Ìkejà ló mú mi wọlé pé kí n máa gbálẹ̀ hángà, ilé ńlá tí wọ́n ti ń tún bàálù ṣe. Owó oṣù mi tó jẹun, kò tó yangàn. Ẹ jẹ́ ká kọjá ibẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gá Jeremáyà. Ará Ìjẹ̀bú ni, Aládùúrà paraku, tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi àgbọn. Áńkáṣíìfù funfun méjì ló máa ń wà lápò rẹ̀, ọ̀kan fún ojú rẹ̀, ọ̀kan fún ẹ́ńjìnnì. Bí o bá ní o ti nu ẹ́ńjìnnì tán, á fa ìkejì yọ, á kì í bọ ibi tí o kò rò pé ọwọ́ èèyàn lè dé. Bó bá jáde ní dúdú, bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi fọ nọ́ọ̀tì nínú kẹrosíìnì kó tó jẹ́ kí n di sípánà mú.

Ó kun àwòrán sípánà kọ̀ọ̀kan sára ògiri ní ọ̀dà dúdú. Nírọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni kì í lọ sílé àfi bí irinṣẹ́ bá bo gbogbo àwòrán. Lọ́jọ́ kan, àwòrán nọ́ńbà mẹ́wàá ṣófo. Ó ní bóyá inú bàálù la gbàgbé rẹ̀ sí. Àwa mẹ́rin, èmi, Kàmọ́rù, Ìdòwú àti Sọ́ńdè ará Kàlàbá, tú bàálù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tò tán palẹ̀. Sọ́ńdè ló ń làágùn jù, ló ń ṣépè fún ẹni tó jí sípánà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo abẹ́ àga, sípánà jábọ́ láti àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí ó fi fẹ̀yìn tì, Nọ́ńbà Mẹ́wàá ni orúkọ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gan-an ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá Jeremáyà ní àṣà kan tí n kò tíì gbọ́ pé wọ́n ń ṣe níbòmíràn. Kí awakọ̀ tó wọ bàálù, ẹni tó tún un ṣe gbọ́dọ̀ dúró níwájú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹ́, kó na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, kó sì sọ fún un lójúkojú ohun tí ọwọ́ òun kàn àti ohun tí ọwọ́ òun kò kàn. Ọ́ìlì, ọwọ́ mi kàn án. Táyà, ọwọ́ mi kàn án. Bíréèkì, ọwọ́ mi kò kàn án lónìí. Bí o bá dákẹ́, awakọ̀ á bi ọ́ pé, “Ó tán?” Ìwọ á ní ó tán. Ìjẹ́wọ́ ọwọ́ là ń pè é. Ìwé wà tí a ń fọwọ́ sí o, ṣùgbọ́n Ọ̀gá máa ń sọ pé ìwé kì í tijú, ojú ni í tijú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kékeré kan kí n tó dé ibi tó le. Lábẹ́ ìyẹ́ òsì bàálù wa, ọ̀pá kan wà tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, ó ní ihò lẹ́nu. Atẹ́gùn tó ń wọ ihò yẹn ló ń ti abẹ́rẹ́ kan níwájú awakọ̀, tí abẹ́rẹ́ á sì sọ bí eré bàálù ṣe tó. Fèrè ni àwa ń pe ọ̀pá náà. Bí bàálù bá dúró sílẹ̀, a máa ń fi àkísà dí fèrè lẹ́nu, nítorí agbọ́n kan pọ̀ ní pápá Ìkejà tó máa ń fi amọ̀ kọ́lé. Ihò tó bá ti rí, ilé rẹ̀ ni. Bí bàálù bá fẹ́ gbéra, a ó yọ àkísà. Iṣẹ́ tí kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ọdún kẹsàn-án mi ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mo ti gba láísẹ́ǹsì, mo ti gbé Sídíkátù níyàwó, oyún Àwáwù ti hàn. Sídíkátù ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà reluwé l'Agége. Awakọ̀ tí mo sábà máa ń jẹ́wọ́ ọwọ́ fún ni Ọ̀gá Délé, ọmọ Abẹ́òkúta, tó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ. Àfáà Onísípánà ló ń pè mí, nítorí pé n kì í jẹ́ kí ìrun kọjá mi. Èmi náà máa ń sọ fún un pé bí kò bá sí àdúrà mi, ilẹ̀ ni ì bá máa wà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ó yẹ kó gbé oògùn àti nọ́ọ̀sì kan, Nọ́ọ̀sì Comfort, lọ sí ilé ìwòsàn kan lórí òkè, lápá Òkè Ọya lọ́hùn-ún. Àsìkò ọyẹ́ ni. Ẹ má rò pé ọyẹ́ Agége ni mò ń sọ, èyí tó kàn ń la èèyàn létè. Lórí àwọn òkè yẹn, òtútù máa ń mú kí ọ́ìlì dì bí òrí. Eruku á sọ ojú ọ̀run àti ara òkè di àwọ̀ kan náà, awakọ̀ kò ní mọ èyí tó jẹ́ afẹ́fẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ òkúta. Bí ojú kò bá ríran mọ́, abẹ́rẹ́ nìkan ló kù tó lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo yọ àkísà, mo jẹ́wọ́ ọwọ́. Wọ́n ní ọyẹ́ ti bo ọ̀nà, kí a dúró. Mo dá àkísà padà. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n tún dá wa dúró, mo di àkísà mú lọ́wọ́, mo sọ lọ́kàn mi pé kí ni mo tún ń dí fèrè fún nígbà tí mo máa yọ ọ́ láàárọ̀ ọ̀la. Mo jù ú sórí àga. Ọjọ́ kẹrin, ọyẹ́ kò lọ. Ọjọ́ karùn-ún, ojú ọjọ́ là díẹ̀, ilé ìwòsàn sì ti ránṣẹ́ pé oògùn ti tán. Gbogbo wa ń sáré. Mo na àtẹ́lẹwọ́, mo ka ọ́ìlì, mo ka táyà, mo ka batiri. N kò dárúkọ fèrè, bóyá ọwọ́ mi kàn án tàbí kò kàn án. Mo dákẹ́.

“Ó tán, Àfáà?”

“Ó tán, sà.”

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohùn ara mi yẹn ṣì wà létí mi.

Bàálù gbéra dáadáa, a juwọ́ sí wọn. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n ní wọn kò tíì dé. Ọjọ́ kejì kọjá. Ní ọjọ́ kẹta ni ìròyìn dé pé bàálù ti já lu ẹ̀gbẹ́ òkè. Fúlàní darandaran kan tó ń jẹ́ Bẹ́llò ló rí wọn, ló fi kúbùsù tirẹ̀ wé wọn nínú òtútù títí olùrànlọ́wọ́ fi dé. Wọn kò kú. Apá Nọ́ọ̀sì Comfort ṣẹ́, ẹsẹ̀ Ọ̀gá Délé méjèèjì ṣẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì hángà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tí mo dìde, ojú mi kan àkísà lórí àga.

Wọ́n gbé Ọ̀gá Délé wá sí ilé ìwòsàn kan l'Ìkejà. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ti bi í léèrè. Ohun tó sọ fún wọn ni pé bí òun ṣe ń gòkè láti ré orí òkè kọjá nínú ọyẹ́, abẹ́rẹ́ ń sọ pé eré òun ti pọ̀ jù. Òun bá dín in kù. Abẹ́rẹ́ ṣì ní ó pọ̀, òun tún dín in kù, bàálù bá rọ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Wọn kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní ẹ̀rù ló bà á, ló fi sọ eré nù. Wọ́n fẹ́ gba láísẹ́ǹsì rẹ̀, kò sì ní fò mọ́ láéláé.

Mo gbé ọsàn lọ kí i. Ó rẹ́rìn-ín pé kí n wá fi sípánà bá òun tún ẹsẹ̀ dì. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ògiri. Ó ní, “Múfú, bóyá ojú mi ló tàn mí.” Ọjọ́ yẹn nìkan ni kò pè mí ní Àfáà.

Mo délé, n kò lè jẹun. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún Sídíkátù: àkísà, àga, agbọ́n. Bí mo bá sọ ọ́ síta, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn, ọmọ sì ń bọ̀. Bí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Kò dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Ó wá gé òwú, ó wò mí.

“Amọ̀ ti dí fèrè lẹ́nu. Ẹ má jẹ́ kó dí tiyín.”

Ọjọ́ Sunday ni lọ́jọ́ kejì. Mo lọ dúró de Ọ̀gá Jeremáyà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó jáde nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, pẹ̀lú àwọn ará ìjọ. Mo na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú rẹ̀. Ìyá kan rò pé àdúrà ni mo wá gbà, ó ti ń ṣe àmín sílẹ̀ dè mí.

“Ọ̀gá, ọwọ́ mi kò kan fèrè.”

Ó wo ọwọ́ mi títí. Ó bi mí pé ìgbà wo ni mo ti mọ̀. Mo ní mo ti ń fura láti ọjọ́ tí ìròyìn dé. Ó ní, “Ọjọ́ mọ́kànlá.” Kò bú mi, ì bá sàn kó bú mi. Ó ní kí n lọ wá aṣọ òtútù, nítorí pé ibi tí à ń lọ tutù.

Ó mú ọ̀kan nínú àwọn aṣèwádìí, Ọ̀gbẹ́ni Títù, dání, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé a lọ ki amọ̀ bọ fèrè fúnra wa. Ọjọ́ mẹ́ta la fi wọkọ̀, a sì fẹsẹ̀ rìn gun òkè tẹ̀lé Bẹ́llò láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Eyín mi ń gbá ara wọn. Ní gbogbo ọ̀nà ni mò ń gbàdúrà kí amọ̀ wà nínú fèrè yẹn. Ta ló ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹ̀ṣẹ̀ òun hàn? Ṣùgbọ́n bí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, Ọ̀gá Délé ti tán nìyẹn, ìjẹ́wọ́ mi kò sì ní ràn án lọ́wọ́.

Bàálù náà dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òkè bí eṣú tí wọ́n fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ. Ìyẹ́ òsì ká sábẹ́, ṣùgbọ́n fèrè ṣì wà lára rẹ̀. Mo fẹ́ fi sípánà tú u, Ọ̀gá Jeremáyà gbá mi lọ́wọ́. Ó ní ẹni tí ẹjọ́ kàn kì í ṣe ẹlẹ́rìí ara rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Títù ló tú u. Ọ̀gá fa áńkáṣíìfù ẹ́ńjìnnì yọ, wọ́n fi dì í, wọ́n so ó ní kókó, kò sì sẹ́ni tó tú kókó náà títí a fi padà sí Èkó.

Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ arọ gbé Ọ̀gá Délé wọlé. Mo kọ́kọ́ na àtẹ́lẹwọ́, mo sọ tèmi tán níwájú gbogbo wọn. Ọ̀gbẹ́ni Títù tú kókó, ó gbọn fèrè sórí ìwé funfun. Kò sí nǹkan. Ó tún gbọn ọ́n. Kò sí nǹkan. Ọ̀gá Jeremáyà rọra ní kó fi wáyà tì í láti ẹ̀yìn. Ó tì í, amọ̀ jábọ́ sórí ìwé náà, ó gbẹ, ó gùn tó oríkèé ìka kan. Ó fọ́ sí méjì. Aláǹtakùn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, gbígbẹ, èyí tí agbọ́n kó pamọ́ fún ọmọ rẹ̀.

Ọ̀gá Jeremáyà ṣàlàyé fún wọn. Ó ní amọ̀ náà kò dí ihò tán nígbà tí bàálù gbéra, ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ fi ṣiṣẹ́. Lọ́nà ló ṣí kúrò nípò rẹ̀, ó wá dí i pátá. Atẹ́gùn ìsàlẹ̀ wá há sínú fèrè. Bí bàálù ṣe ń gòkè, tí atẹ́gùn ìta ń fúyẹ́, èyí tó há sínú ń ti abẹ́rẹ́ sókè, ó ń pariwo eré tí kò sí. Awakọ̀ yòówù kó jẹ́ ni ì bá gbọ́ ti abẹ́rẹ́.

Ọ̀gá Délé ni mo ń wò.

Ó ní, “Ojú mi kò tàn mí.” Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó wá yíjú sí mi pé, “Àfáà Onísípánà, o pẹ́ kí o tó dé, ṣùgbọ́n o dé.”

Wọ́n kìlọ̀ fún un pé bí ọyẹ́ bá tún rí bẹ́ẹ̀ kó yí padà, wọ́n sì fi láísẹ́ǹsì rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Tèmi ni wọ́n gbà fún ọdún kan. Ọ̀gá Jeremáyà dìde, ó ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sábẹ́ tèmi, nítorí òun ló kọ́ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ Monday, mo dé hángà láti máa gbálẹ̀ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀, mo bá a pẹ̀lú ìgbálẹ̀ méjì lọ́wọ́. Ó na ọ̀kan sí mi. Ó gbá apá ọ̀tún, mo gbá apá òsì. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Sídíkátù ní kí n mú àkísà yẹn wá kí òun rí i. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní aṣọ tó ní àwọ̀ eruku ni a fi bo nǹkan, báwo la ṣe fẹ́ rántí rẹ̀? Ó mú gígé aṣọ pupa kan, ó rán an bí ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun, ó sì fi ìrù pupa tó gùn tó apá mi sí i. Bí o bá ń kọjá lábẹ́ ìyẹ́, ìrù náà á gbá ọ lójú. Nígbà tí mo gbé e dé hángà, Nọ́ńbà Mẹ́wàá ní bàálù ti wọ táì, ó kù kó lọ gbowó oṣù l'Aláúsá bí òṣìṣẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Jeremáyà fọwọ́ pa aṣọ náà, ó sì sọ ọ́ dòfin: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ní “ó tán” àfi bí aṣọ pupa bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí awakọ̀ sì rí i. Bí wọ́n bá sì dá bàálù dúró, aṣọ pupa ni kó kọ́kọ́ padà síbi tó wà, kí ẹnikẹ́ni tó mu omi.

Nígbà tí ọyẹ́ òmíràn dé, tí ọdún kan mi ti pé, tí wọ́n ti dá láísẹ́ǹsì mi padà, Ọ̀gá Délé padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀pá. Oògùn ilé ìwòsàn orí òkè náà ni iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ní èmi ni kí n jẹ́wọ́ ọwọ́, kí n sì wọlé jókòó ti òun. Mo gbé aṣọ pupa sókè, mo ní ó tán, mo wọlé. Bí a ṣe ń gòkè sórí àwọn òkè yẹn, n kò wo ìta, abẹ́rẹ́ nìkan ni mo tẹjú mọ́. Kò purọ́. A ré òkè kọjá, a balẹ̀. Nọ́ọ̀sì Comfort ló sáré pàdé wa, ó ń ju apá tó ti ṣẹ́ nígbà kan sókè, gbogbo ilé ìwòsàn tú jáde pẹ̀lú orin. Bẹ́llò fún mi ní oyin ìgò kan. Mo gbé e délé fún Sídíkátù, oyin yẹn ni Àwáwù, tó ti ń rá nígbà náà, kọ́kọ́ tọ́ wò.

Láti ọjọ́ yẹn, ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo tún fi ṣiṣẹ́, mo sì di ọ̀gá hángà lẹ́yìn Ọ̀gá Jeremáyà. Ọlọ́run gbọ́, kò sí bàálù kan tó kúrò lọ́wọ́ wa tó já. Irinṣẹ́ yí padà. Nígbà tiwa, igi la máa ń gbé sára ẹ́ńjìnnì, tí a ó fi etí sí orí rẹ̀ láti gbọ́ ibi tó ti ń ráhùn. Lónìí, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń so mọ́ ọn, á sì kọ àìsàn rẹ̀ síta bíi dókítà. Abẹ́rẹ́ ti di àwòrán nínú gíláàsì. Mo kọ́ ọ pẹ̀lú ogbó mi, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n fèrè ṣì wà lábẹ́ ìyẹ́, agbọ́n kò sì tíì ra kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí Sídíkátù kú, Ọ̀gá Délé fi ọ̀pá rẹ̀ rìn wá sí Agége. Ó mú aṣọ pupa àkọ́kọ́ yẹn yọ lápò. N kò mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ló wà ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Ó ti ṣá di àwọ̀ osùn. Ó gbé e lé mi lórí itan, ó jókòó tì mí.

Lóṣù tó kọjá, Bùkọ́lá wá kí mi. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́, òun ló sì ń darí hángà báyìí. Ó yí ọ̀rọ̀ po títí kó tó sọ ọ́: àwọn aṣọ pupa ti gbó, ọyẹ́ ti ń bọ̀, òun kò sì mọ ẹni tí òun lè sọ pé kó bá wọn rán an. Mo ní kó máa lọ. Mo ṣí aṣọ kúrò lórí máṣíìnì Sídíkátù. Mo ti tún ẹ́ńjìnnì olóríṣiríṣi ṣe láyé mi, n kò tíì rán aṣọ rí. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rán ọ̀kan. Abẹ́rẹ́ gún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ojú rírán rẹ̀ wọ́ bí ọ̀nà oko.

Mo gbé e lọ sí Ìkejà fúnra mi. Bàálù kan fẹ́ gbé oògùn lọ sórí òkè kan náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bùkọ́lá sì fi aṣọ mi bo fèrè rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo padà lọ wò ó. Ó yọ aṣọ pupa náà, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹ́, ó na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó ka ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kàn àti ohun tí kò kàn láìsáré. Ó wá gbé aṣọ náà sókè. Awakọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí n kò mọ̀, wo rírán wíwọ́ yẹn, ó rẹ́rìn-ín, ó béèrè ta ló rán èyí.

“Bàbá wa ni,” Bùkọ́lá dá a lóhùn. “Máṣíìnì ìyá wa ni wọ́n fi rán an.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yíjú, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi lórí ilẹ̀ tí èmi àti Ọ̀gá Jeremáyà jọ gbá. Ó dìde, ó bi Bùkọ́lá pé, “Ó tán?”

Bùkọ́lá wò mí. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Ó tán,” ló wí. Bàálù sì gbéra.